Ẹni tó ni ìtàn kò yẹ kó jẹ́ àlejò níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ lórin

Nígbà tí òjò oṣù Keje bá ń rọ̀ ní Èkó àti Cotonou, oòrùn ló máa ń mú janjan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Àsìkò náà ni àwọn olólùfẹ́ orin máa ń gba ọ̀nà òkè Corbières lọ sí Fontfroide, ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ kan tí kò jìnnà sí ìlú Narbonne. Ọdún 2006 ni Jordi Savall, ọ̀gá olórin láti Catalonia ní ilẹ̀ Sípéènì, àti ìyàwó rẹ̀, olóògbé Montserrat Figueras, dá ayẹyẹ orin sílẹ̀ níbẹ̀. Orin ìjọsìn àtijọ́, orin ààfin àti orin ìbílẹ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń lọ gbọ́.

Ọ̀pọ̀ ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló lè rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò kan àwọn. Orin òyìnbó, nínú ilé òyìnbó, fún òyìnbó tó wà lẹ́nu ìsinmi. Àmọ́ ní oṣù Keje ọdún 2015, ọ̀kan lára ohùn tó kún inú ilé òkúta náà ni ti Kassé Mady Diabaté, jeli láti Mali. Jeli ni àwọn ará Mali ń pe àwọn tí ìdílé wọn ń fi orin tọ́jú ìtàn ìlú, bíi ti àwọn arọ́kin ní ààfin Ọ̀yọ́. Ballaké Sissoko, ọmọ Mali bíi tirẹ̀, ló ń ta kora. Orúkọ eré alẹ́ ọjọ́ náà ni "Les Routes de l'Esclavage", ìyẹn Àwọn Ọ̀nà Òwò Ẹrú.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Fontfroide lálẹ́ ọjọ́ náà dára, ó sì yẹ ká yìn wọ́n. Síbẹ̀, ó fi ìbéèrè kan sílẹ̀ tí àwọn ìjọba, àwọn ìjọ àti àwọn olórin láti Dakar títí dé Èkó gbọ́dọ̀ dáhùn: kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn tó ni ìtàn náà ni àlejò nílé tí wọ́n ti ń kọ ọ́ lórin?

Ilé tí wọ́n kọ́ fún ohùn ènìyàn

Ọdún 1093 ni wọ́n dá ilé Fontfroide sílẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni "orísun omi tútù". Ní nǹkan bí ọdún 1145 ló dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn mọ́ńkì Cîteaux, àwọn tí kò fẹ́ ọ̀ṣọ́ àṣejù nínú ilé ìjọsìn. Òkúta, ìmọ́lẹ̀ àti ohùn ni wọ́n gbà láàyè. Ìgbà méje lójúmọ́, àti ìgbà kan lóru, ni òfin wọn ní kí wọ́n péjọ láti kọ Orin Dáfídì. Ilé olókùúta tí òkè rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ máa ń di ohùn mú, kì í jẹ́ kó tètè kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn akọrin òde òní fi ń wá irú ilé bẹ́ẹ̀ kiri. Orin tí wọ́n ṣe fún ilé òkúta kì í dún bó ṣe yẹ nínú gbọ̀ngàn oníkápẹ́ẹ̀tì.

Àwọn mọ́ńkì kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1901, nígbà tí òfin ilẹ̀ Faransé le mọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn. Ní ọdún 1908, Gustave Fayet, ayàwòrán tó tún ń kó iṣẹ́ ọnà jọ, àti ìyàwó rẹ̀ Madeleine d'Andoque ra ilé náà kó má baà di àwókù. Ìdílé wọn ló ṣì ń tọ́jú rẹ̀. Owó àwọn tó ń wá wò ó àti wáìnì tí wọ́n ń ṣe látinú ọgbà àjàrà rẹ̀ wà lára ohun tó gbé e ró.

Ṣùgbọ́n ọwọ́ ilé náà kò mọ́ tán. Mọ́ńkì Fontfroide ni Pierre de Castelnau, ẹni tí Póòpù Innocent Kẹta rán láti dojú kọ àwọn Cathar, àwọn Kristẹni tí ìjọ kà sí aládàámọ̀. Wọ́n pa á ní oṣù Kínní ọdún 1208. Ikú rẹ̀ ni Póòpù fi kéde ogun ẹ̀sìn sórí agbègbè náà. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún 1209, àwọn ọmọ ogun wọ Béziers, ìlú tí kò jìnnà sí Narbonne, wọ́n sì pa àwọn ará ìlú nípakúpa. Oṣù tí wọ́n fi ń kọrin ní Fontfroide lónìí náà nìyẹn.

Nítorí náà, orúkọ tí Savall fún ayẹyẹ rẹ̀ bọ́ sójú ẹ̀. Orin àti ìtàn ló pè é, fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín àṣà kan àti òmíràn. Ilé tó bá ń díbọ́n pé òun kò ní ìtàn kò lè gba òtítọ́ nípa òwò ẹrú láàyè. Fontfroide ní ìtàn, ó sì wúwo.

Láti Lagos tí kì í ṣe Èkó

Ọdún 1444 ni eré náà ti bẹ̀rẹ̀, ní Lagos. Lagos yìí kì í ṣe Èkó o, ìlú etíkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Potogí ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn ọkọ̀ ojú omi kó ènìyàn 235 dé ibẹ̀ láti Áfíríkà. Gomes Eanes de Zurara, akọ̀tàn ọba Potogí, kọ bí wọ́n ṣe pín wọn sílẹ̀: wọ́n ya bàbá kúrò lára ọmọ, wọ́n ya ọkọ kúrò lára aya, àwọn ìyá sì ń di ọmọ wọn mọ́ra. Ọdún 1888 ni eré náà parí sí, ọdún tí Brazil fi òfin fòpin sí oko ẹrú. Ọdún 444 ló wà láàárín méjèèjì.

Bakary Sangaré, òṣèré tí wọ́n bí ní Mali, tó ń ṣiṣẹ́ nílé eré Comédie-Française ní Paris, ló ń ka àwọn àkọsílẹ̀ àtijọ́ sókè. Bó bá kà á tán, orin á gbà á: ti Mali, ti Brazil, ti Colombia, ti Mexico. Wọn kò jẹ́ kí orin bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ di ìwàásù.

Inú ilé ìjọsìn gan-an ló yẹ kí wọ́n ti sọ irú ìtàn yìí, nítorí ibẹ̀ ni òwò náà ti gba àṣẹ. Ní ọdún 1452, Póòpù Nicholas Karùn-ún kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní Dum Diversas sí ọba Potogí, ó fún un láṣẹ láti kó àwọn tí kì í ṣe Kristẹni lẹ́rú títí ayé. Ní ọdún 1685, Ọba Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé fọwọ́ sí Code Noir, òfin tó de àwọn ẹrú erékùṣù rẹ̀. Abala kejì òfin náà ní kí wọ́n ri gbogbo ẹrú bọmi. Abala kẹrìnlélógójì sọ pé dúkìá tó ṣeé gbé kiri ni wọ́n. Ìwé kan náà ló da omi ìrìbọmi lé ènìyàn lórí, tó sì tún kà á mọ́ àga àti tábìlì. Ẹrú di ẹrù.

Orin Kérésì tó ń fi ẹrú ṣe yẹ̀yẹ́

Apá tó ta gbẹgẹdẹ jù nínú eré náà ni àwọn orin Kérésìmesì. Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀gá akọrin ní kàtídírà ilẹ̀ Sípéènì àti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní Amẹ́ríkà máa ń ṣe orin tí akọrin yóò ti máa sọ Sípáníìṣì bí àwọn ẹrú Áfíríkà ṣe ń sọ ọ́. Juan Gutiérrez de Padilla ṣe irú rẹ̀ ní kàtídírà Puebla ní Mexico ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Juan de Araujo ṣe tirẹ̀ ní ibi tí à ń pè ní Bolivia lónìí. Orin Araujo tó lókìkí jù ń sọ nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń lọ kí Jésù ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. "Cofrades", ìyẹn ọmọ ẹgbẹ́, di "coflades" nínú àkọlé rẹ̀. "Estrella", ìyẹn ìràwọ̀, di "estleya".

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wo eré aláwàdà tí wọ́n ti ń fi ahọ́n ẹ̀yà mìíràn ṣe yẹ̀yẹ́ yóò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi ẹnu ẹrú pa àwọn olúwa ẹrú lẹ́rìn-ín, lọ́jọ́ ìbí Jésù, nínú ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìlù inú àwọn orin náà lágbára. Ìlù Áfíríkà wọ kàtídírà láti ẹnu ọ̀nà yẹ̀yẹ́, kò sì jáde mọ́. Bí wọ́n bá kọ orin wọ̀nyí lásán, adùn ni olùgbọ́ yóò gbọ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn jeli, lẹ́yìn tí wọ́n ti ka ìwé Zurara, olùgbọ́ yóò gbọ́ adùn àti ìtìjú pọ̀. Bó ṣe yẹ kí wọ́n máa gbé orin àtijọ́ kalẹ̀ nìyẹn.

Àwọn kan yóò ní ìgbádùn lásán ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n á ní olówó ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, á gbọ́ ìbànújẹ́ àwọn baba ńlá ẹlòmíràn, á pàtẹ́wọ́, á wá lọ mu wáìnì. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀sùn yìí. Àmọ́ ẹni tó lọ gbọ́ orin tó sì padà sílé pẹ̀lú ọdún 1444 lórí ẹ̀mí rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ẹni tí kò gbọ́ rárá. Ibi tí ẹ̀sùn náà ti lágbára jù ni ọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ọmọ ilé ìwé ní Ouidah, ní Badagry tàbí ní erékùṣù Gorée kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Narbonne lọ gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé àwọn èèyàn rẹ̀ lọ.

Mali náà ní ilé orin mímọ́

Abúlé Kéla ní Mali ni wọ́n ti bí Kassé Mady Diabaté. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni Kangaba wà, níbi tí ilé roboto kan dúró sí tí wọ́n ń pè ní Kamablon, ìyẹn Ilé Ọ̀rọ̀. Ọdún 1653 ni wọ́n kọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kan ní ọdún méje ni wọ́n máa ń pààrọ̀ òrùlé koríko rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń ṣe òrùlé tuntun, àwọn àgbà jeli ìdílé Diabaté láti Kéla ló sì ń ro ìtàn ilẹ̀ Manden níbẹ̀. UNESCO fi ayẹyẹ náà kún àkójọ ogún àṣà aráyé ní ọdún 2009.

Ẹni tó bá wo Kangaba dáadáa kò ní sọ pé Fontfroide ló kọ́ ará Mali bí wọ́n ṣe ń kọrin nínú ilé mímọ́. Kassé Mady ti inú ilé wọ ilé ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ilé òkúta ti ilẹ̀ Faransé ní olùtọ́jú, ó ní ìwé ètò ọdọọdún, ó sì ní ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀. Alia Vox, ilé iṣẹ́ orin tí Savall fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, gbé eré ọdún 2015 náà jáde ní ọdún 2016. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, Kassé Mady kú ní Bamako. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ bó ṣe kọ ìtàn òwò ẹrú lálẹ́ ọjọ́ náà, inú ilé àwọn mọ́ńkì Faransé ni ohùn náà ti ń jáde wá.

Kò sí ẹ̀bi Savall níbẹ̀. Ẹni tó bá tọ́jú nǹkan ló ni í. Ẹ̀bi tó wà níbẹ̀, ti àwọn tó fi ilé wọn sílẹ̀ láìtún òrùlé ṣe ni.

Keur Moussa ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe

Ní Senegal, ní nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà sí Dakar, ilé àwọn mọ́ńkì kan wà tó ń jẹ́ Keur Moussa. "Ilé Mose" ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Wolof. Àwọn mọ́ńkì láti Solesmes ní ilẹ̀ Faransé ló dá a sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Solesmes yìí ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ orin Gregory, orin ìjọsìn àtijọ́ ní èdè Látìn. Wọ́n ì bá ti kó orin náà wá bó ṣe wà. Dominique Catta, ọ̀gá akọrin wọn, yàn láti kọ́kọ́ fetí sílẹ̀. Ó gbọ́ kora, ó gbọ́ balafon, ó gbọ́ ohùn orin àwọn tó yí wọn ká, ó sì fi wọ́n ṣe orin ìjọsìn.

Àwọn mọ́ńkì náà tún dá ibi tí wọ́n ti ń ṣe kora sílẹ̀. Okùn mọ́kànlélógún ni kora ní, awọ ni wọ́n sì fi ń so ó mọ́ ọrùn rẹ̀ láti ayébáyé, èyí tó máa ń jẹ́ kó ṣòro láti tún ohùn rẹ̀ tò. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tó ṣeé yí bíi ti gìtá rọ́pò awọ náà. Wọ́n ń ta kora, wọ́n ń ta wàràkàṣì tí wọ́n fi wàrà ewúrẹ́ ṣe, wọ́n sì ń ta orin tí wọ́n gbà sílẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn èèyàn máa ń wá láti Dakar lọ gbọ́ Máàsì wọn.

Irú ìgbọ́ràn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun létí Yorùbá. Thomas Ekundayo Phillips tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kristi ní Marina, l'Ékòó, láti ọdún 1914 sí 1962, ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí orin ìjọsìn Yorùbá, kí ohùn orin má baà tẹ ohùn ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní ọdún 1953.

Ọ̀rọ̀ owó náà ní ìdáhùn. Àwọn kan yóò ní ilé ìwòsàn ló yẹ kí ìjọba náwó sí, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n Fontfroide kò dúró de ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni Keur Moussa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1966, Georges Cziffra, ọmọ Hungary tó mọ pianó tẹ̀, lọ ṣeré nílé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ ní La Chaise-Dieu ní àárín ilẹ̀ Faransé, kí wọ́n lè rí owó tún dùùrù ńlá ilé náà ṣe. Ibẹ̀ di ayẹyẹ orin tí wọ́n ṣì ń ṣe ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún. Orin ló tún ilé ṣe, ilé sì gba orin sílé.

Ìjọ Àgùdà, ẹ ṣílẹ̀kùn

Ìjọ Àgùdà ni Yorùbá ń pe Ìjọ Kátólíìkì. Àgùdà kan náà ni orúkọ àwọn tó padà wá láti Brazil, àwọn tí wọ́n tà tàbí tí wọ́n ta òbí wọn, tí wọ́n wá tún ilé kọ́ ní Èkó, ní Ouidah àti ní Porto-Novo. Mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ ní Porto-Novo jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, nítorí ọwọ́ Àgùdà ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí eré Savall bá dé ọdún 1888, ìtàn àwọn ìdílé tó ṣì ń jẹ́ da Silva àti de Souza ní etíkun Benin àti Nàìjíríà náà ló ń sọ.

Ní Ouidah ni UNESCO ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí tó pè ní Ọ̀nà Ẹrú ní ọdún 1994. Basílíkà kan wà níbẹ̀ tó dojú kọ ilé òrìṣà Òjòlá. Ìjọba Benin ti ń náwó sórí àwọn ibi ìrántí ìlú náà. Ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Charles wà ní Gorée láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ilé kò wọ́n. Ohun tó wọ́n ni ẹni tí yóò ṣílẹ̀kùn, tí yóò kọ ọjọ́ orin sílẹ̀ lọ́dọọdún, tí yóò sì san owó àwọn olórin pé.

Àwọn bíṣọ́ọ̀bù lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alẹ́ mẹ́ta péré lọ́dún. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àṣà lè bá àwọn olùṣètò ayẹyẹ ilẹ̀ Yúróòpù ṣàdéhùn pé eré yòówù tí wọ́n bá fi olórin Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ṣe lórí òwò ẹrú gbọ́dọ̀ dé etíkun tí wọ́n ti kó ẹrú lọ, ní owó ìwọlé tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lè san. Àwọn olórin fúnra wọn náà lè béèrè fún un kí wọ́n tó fọwọ́ síwèé. Bí jeli bá ń kọrin nínú basílíkà tó kọjú sí ilé Òjòlá, àwọn kan yóò bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Ilé tó gbọ́ àṣẹ Póòpù lórí ẹrú lè gbọ́ ohùn ọmọ ẹrú náà.

Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n mọ́. Ọdún 444 ni wọ́n fi ta ènìyàn lọ́pọ̀. Bí ohùn tó ń ròyìn wọn náà bá tún jẹ́ òkè òkun nìkan ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, ìgbà kejì nìyẹn. Fontfroide ti ṣe tirẹ̀, òrùlé Kangaba sì ń dúró de ọdún keje. Ó ku àwọn tó ni ilé.